Nígbà Tí Ìyá Fúnmi Di Ìyá Dàpọ̀

Ní ilé wa ní Ọ̀mù-Àrán, máṣíìnì ìránṣọ ìyá mi ló máa ń jí mi, kì í ṣe àkùkọ. Á ti jókòó tì í kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ìró rẹ̀ á máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé sí yàrá wa. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ìyá mi wà nílé, ara mi á balẹ̀, màá tún sùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, á bẹ̀rẹ̀ lójúde, garawa á máa dún nídìí kànga, bàbá mi á wá lu agogo kékeré tó gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀ pé ó tó àkókò àdúrà. Mo ń ka gbogbo èyí sílẹ̀ kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n kó kúrò nínú ilé lọ́dún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Wọn ò gbé agogo, wọn ò sì mú ìgbálẹ̀. Ìyá mi ni wọ́n mú lọ, òun àti máṣíìnì rẹ̀, nítorí àbúrò mi Dàpọ̀ tí kò lè kàwé. Èmi tí mo lè kàwé, èmi ni wọ́n fi sílẹ̀. Mo ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, irun funfun ti ń yọ lórí mi, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ọdún yẹn, owú ṣì máa ń jẹ mí, mi ò sì ní purọ́ pé kò jẹ mí.

Olùkọ́ ni bàbá mi, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lọ́nà Àrándùn, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré. Nídìí àdúrà òwúrọ̀, gbogbo wa á jókòó yí tábìlì ká, olúkúlùkù á ka ẹsẹ kan nínú Ìwé Mímọ́, láti orí bàbá mi títí dé orí Dàpọ̀ tó kéré jù. Ìyá Àgbà nìkan ni kì í kà, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kì í fẹ́ kí nǹkan bá òun lójijì. Ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá ń ṣa ẹ̀wà tàbí tí a ń bẹ iṣu nínú ilé ìdáná, á ní kí n ka orí tí a máa kà lọ́jọ́ kejì fún òun, kí òun ti gbọ́ ọ sílẹ̀. Màá kà á, á ní kí n tún un kà, torí ó fẹ́ràn ohùn mi. Dàpọ̀ á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, á máa fi igi ko iná, kò ní sọ nǹkan kan. Láàárọ̀, á ti wo bí a ṣe jókòó, á ti mọ ẹsẹ tó máa kan òun. Tó bá kàn án, á gbé ìwé sókè, á fi ìka tọ ìlà, á ka ẹsẹ náà láìkọsẹ̀ rárá, gbogbo wa á sì ṣe àmín. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé etí ni ọmọ náà fi ń kàwé. Torí náà, bí èsì ìdánwò bá dé láti ilé ìwé tó jẹ́ pé òun ló gbẹ́yìn, ilé wa kì í gbà á gbọ́. Bàbá mi á ní ọmọ tó ń kàwé bẹ́ẹ̀ níwájú òun, ọ̀lẹ ló ń ṣe é, á sì fa pàṣán yọ. Ìyá Àgbà á ní tíṣà ló kórìíra ọmọ òun. Èmi máa ń ṣe ipò kìíní nínú kíláàsì tèmi nígbà gbogbo, wọ́n á ní, “Ó dáa, lọ bọ́ aṣọ ilé ìwé.”

Àǹtí Dúpẹ́ ló tú àṣírí. Àbúrò bàbá mi ni, olùkọ́ ni òun náà, Òrò ló ń gbé, ó sì wá lo ìparí ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà tí káṣú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Láàárọ̀, bàbá mi fẹ́ bu ọlá fún un, ó ní kó yan orí tó bá wù ú pé ká kà. Ó yan òmíràn, kì í ṣe èyí tí mo kà fún Ìyá Àgbà ní ìrọ̀lẹ́ àná. A kà á yí ká, ó kan Dàpọ̀. Dàpọ̀ gbé ìwé sókè, ó fi ìka tọ ìlà, ó sì ka ti ìrọ̀lẹ́ àná, ketekete, pẹ̀lú ohùn mi, títí kan ibi tí mo ti máa ń mí. Mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi ti ń dìde, ṣùgbọ́n Àǹtí Dúpẹ́ na ọwọ́ sí i pé kó jókòó, ó jẹ́ kí Dàpọ̀ kà á dé òpin, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àdúrà parí, ó mú un lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó pẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, ó pe àwọn òbí mi jọ.

“Bùọ̀dá mi, ẹ má nà án mọ́,” ni ó wí. “Ojú rẹ̀ ríran, orí rẹ̀ sì pé. Lẹ́tà ni kì í dúró jẹ́ẹ́ fún un. Ẹ wo bí iṣẹ́ tó ń ṣe ṣe pọ̀ tó kẹ́ ẹ má baà mọ̀.”

Ó pe orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é, dìsìlẹ́síà. Orúkọ náà dùn ún gbọ́ létí, mo sì jowú orúkọ náà pẹ̀lú. Bàbá mi jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, kò jẹ oúnjẹ àárọ̀ yẹn. Ìyá mi ń sunkún, ó fa Dàpọ̀ mọ́ra, mi ò sì rò pé ó tíì tú ọwọ́ náà sílẹ̀ títí di òní. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí pé kí ẹnì kan sọ pé, Fúnmi ló ń kà á tí ọmọ yìí fi ń gbọ́, ohùn Fúnmi ló há sórí. Kò sí ẹni tó sọ ọ́. Bí mo bá sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ mi, wọ́n á ní Bùọ̀dá Dàpọ̀ mà gbọ́n o. Àwọn náà kì í rántí pé ẹnì kan ló ń kàwé nínú ìtàn náà.

Àǹtí Dúpẹ́ mọ ilé ìwé kékeré kan ní Ìlọrin tí wọ́n ti ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ń lọ, ọ̀sán ni wọ́n ń padà sílé, ilé ìwé náà kì í gba ọmọ sùn. Wọ́n sì ní dandan ni kí ẹnì kan láti ilé ọmọ wá kọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é, kí onítọ̀hún máa bá ọmọ náà ṣe é ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí wọ́n tó rò ó débì kan, ìyá mi ti ní òun á lọ, òun á gba yàrá kan, òun á gbé máṣíìnì òun dání, aṣọ ń bẹ láti rán ní Ìlọrin. Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn yóò máa wálé, àwọn á padà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ìyá Àgbà bi í pé ta ni yóò wá máa tọ́jú Fúnmi. Ìyá mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Fúnmi?” ni ó wí. “Fúnmi kì í fúnni ní wàhálà.”

Ọ̀rọ̀ ìyìn ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín sí mi, bàbá mi tiẹ̀ fọwọ́ pa mí lórí. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó dùn mí tó ìyẹn láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ mo ti bá ọkọ jà, mo sì ti bá ọ̀gá ibi iṣẹ́ jà. Ọmọ tí kì í fúnni ní wàhálà, òun ni wọ́n máa ń gbàgbé sílé bí agboòrùn.

Wọ́n ra báàgì tuntun fún un, èyí tó ní táyà lábẹ́, wọ́n ra sáńdàlì, wọ́n ra ife oníderí tí wọ́n máa ń gbé kọ́rùn. Ọjọ́ tí wọ́n lọ, iwájú ọkọ̀ ni òun àti ìyá mi jókòó sí, máṣíìnì wà lẹ́yìn, wọ́n fi ẹní wé e. Ó juwọ́ sí mi bí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nǹkan kan jí mi, mi ò mọ ohun tó jẹ́, ó wá yé mi pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà lọ, iṣẹ́ tí èmi àti Dàpọ̀ ń pín ṣe di tèmi nìkan. Èmi ni mò ń gbálẹ̀, èmi ni mò ń pọn omi, tí mò ń fọ abọ́, tí mò ń bá Ìyá Àgbà fọ irúgbá lódò títí ìka mi á fi hun jọ. Ìyá Àgbà ò burú o. Ìgbómìnà rẹ̀ ki débi pé àwọn ará Ìlọrin máa ń ní kó tún ọ̀rọ̀ sọ, bó bá sì ń fi òrí pa mí lára ní ìrọ̀lẹ́, á máa kì mí, ara mi á tutù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá mi. Ọwọ́ rẹ̀ le, ti ìyá mi rọ̀, mo sì mọ ẹni tí ọwọ́ rírọ̀ náà wà lára rẹ̀ ní Ìlọrin.

Ìgbà tí wọ́n bá wálé lọ́jọ́ Ẹtì ló burú jù. Inú mi á ti máa dùn láti àárọ̀, màá ti bẹ iṣu sílẹ̀, màá gún iyán tí ìyá mi fẹ́ràn, màá lọ dúró sẹ́bàá títì. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ni pé, “Fúnmi, bá Dàpọ̀ gbé báàgì, ó ti rẹ̀ ẹ́.” Bí a bá ń jẹun, wọ́n á bu ẹran fún Dàpọ̀, wọ́n á tún fi ẹyin lé e, wọ́n ní ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ọpọlọ tèmi ń sùn nìyẹn. Wọ́n á wá da iyanrìn sínú abọ́ pẹrẹsẹ kan, Dàpọ̀ á máa fi ìka kọ lẹ́tà síbẹ̀, á máa pè é, á pa á rẹ́, á tún un kọ. Èmi rò pé iyanrìn ni wọ́n fún un fi ṣeré, bẹ́ẹ̀ èmi ni mò ń gbá èyí tó dà sílẹ̀. Ohun tó pa mí jù ni ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá mi á ní kó bọ́ ẹ̀wù, á jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí ẹní, á fi ìka kọ lẹ́tà sí i lẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, Dàpọ̀ á dijú, á sọ lẹ́tà tó jẹ́. Tó bá mọ̀ ọ́n, ìyá mi á fọwọ́ gbá ibẹ̀ pẹ́pẹ́, á rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ gbogbo lẹ́tà láti ìgbà tí mi ò tíì ká eyín. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sí mi lára rí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, Ìyá Fúnmi ni gbogbo ayé ń pe ìyá mi. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo sọ ọ́ di ìyá, orúkọ mi ni wọ́n fi ń pè é lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lẹ́nu àwọn oníbàárà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, fóònù rẹ̀ dún, èmi ni mo sún mọ́ ọn, mo gbé e. Obìnrin kan láti Ìlọrin ní òun fẹ́ bá Ìyá Dàpọ̀ sọ̀rọ̀ nípa aṣọ òun. Mo ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ìyá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sì ní, “Ẹ̀n ẹ́n, èmi ni.” Ó jẹ́ orúkọ náà wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti ń jẹ́ ẹ tipẹ́. Mo lọ jókòó sẹ́yìn kànga, mo sunkún débi pé ojú mi wú. Ẹni tí kì í bá ṣe Yorùbá lè ní kí ló wà nínú orúkọ. Ẹni tó bá jẹ́ àkọ́bí yóò mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.

Ìgbà yẹn ni mo pinnu pé èmi náà ò ní mọ̀wé kà mọ́. Kì í ṣe ohun tó le lójú mi, mo ṣáà ti rí bí Dàpọ̀ ṣe ń ṣe é. Nídìí àdúrà, bó bá kàn mí, màá dúró lójú ọ̀rọ̀ kan, màá ṣẹ́jú, màá fo ìlà, màá ka ọ̀rọ̀ mìíràn dípò. Ní ilé ìdáná, mo sọ fún Ìyá Àgbà pé àwọn lẹ́tà ń rìn. Ó wò mí títí, ó ní ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ni àbí kẹ̀kẹ́, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Bàbá mi ò fi ṣeré ní tirẹ̀. Ọkùnrin tó ti fi pàṣán na ọmọ kan lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ìdí àdúrà ni jìnnìjìnnì ti bò ó. Ó ń wò mí, ó ń fọwọ́ nu iwájú orí. Ó tẹ ìyá mi láago pé ó jọ pé èyí náà ti kó o, àfi bí ẹni pé ìgbóná ni. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó mú mi, ó di Ìlọrin. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń ṣètò ibi tí ẹní mi yóò wà nínú yàrá ìyá mi.

Ilé ìwé náà kéré, igi dóńgóyárò wà lójúde rẹ̀. Bí bàbá mi ti ń lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà iwájú, mo fà á lẹ́wù, mo mú un yà sí ẹ̀gbẹ́, a gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé. Tíṣà tó fẹ́ yẹ̀ mí wò dúró lójú fèrèsé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ohùn rẹ̀ rọ̀. Ìyá mi náà ti wà níbẹ̀. Wọ́n gbé ìwé síwájú mi, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mo bá wá. Mo kọsẹ̀, mo fo ìlà, mo ṣẹ́jú, mo tiẹ̀ fi omijé kún un. Tíṣà náà dúró kí n ṣe é tán, ó ní mo ṣeun. Ó wá bi mí, bí ẹni tó ń bèèrè ohun tí kò ṣe pàtàkì, pé ta ló sọ fún mi pé kí n má gba ẹnu ọ̀nà iwájú. Mo ní wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ, kí a gba ti ẹ̀gbẹ́. Bàbá mi fi ọwọ́ bo ojú.

“Ìyá Dàpọ̀,” ni tíṣà náà wí fún ìyá mi, “ìwé kọ́ ni ìṣòro eléyìí. Ẹ̀yin ni ó ń wá.”

Bàbá mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìyá mi ní kó fi mí sílẹ̀. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sábẹ́ dóńgóyárò, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Kò bú mi. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, mo ní kí ó lè máa kọ lẹ́tà sí èmi náà lẹ́yìn ni. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, iwájú ló ń wò, kò wò mí.

“Bí mo bá fi Dàpọ̀ sílẹ̀, yóò ṣubú,” ni ó wí. “Ìwọ á dúró. Ìdí tí mo fi lè fi ẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.”

“Bí èmi náà bá ṣubú ńkọ́, Màámi?”

Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi nu ojú mi, ó fi nu tirẹ̀, ó tún un wé. Ó dìde, ó lọ bá bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá Fúnmi, ẹ̀yin lẹ máa bá Dàpọ̀ sùn lónìí,” ni ó wí. “Mò ń bá ọmọ mi lọ sílé.”

Bàbá mi ní òun ò mọ iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń bá Dàpọ̀ ṣe, òun ò sì mú aṣọ wá. Ìyá mi ní ọjọ́ kan ò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Àfi bí Dàpọ̀ ṣe gbọ́ ọ. Ó sáré jáde nínú kíláàsì, ó di ìró ìyá mi mú, ó ń sunkún pé kò gbọdọ̀ lọ, bàbá mi sì ń tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi lọ́ra díẹ̀. Mo rí i pé ó lọ́ra. Ó wá di ọwọ́ mi mú, a jáde. Bí ọkọ̀ wa ṣe ń ṣí kúrò níwájú ilé ìwé, Dàpọ̀ dúró lẹ́nu géètì, ó ń ké, omijé ń dà pọ̀ mọ́ ikun lójú rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń retí pé kí n sọ pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo yí padà nínú ìjókòó mi, mo wò ó dáadáa títí a fi yà. Mo fẹ́ rí i.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni a jókòó sí, àwa méjì àti obìnrin kan tó gbé adìẹ lé ẹsẹ̀. Mo ti ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti bá ìyá mi sọ, ọ̀rọ̀ gbogbo ọ̀sẹ̀ tí kò fi sí nílé. Ṣùgbọ́n kí a tó dé Ìdọ̀fián, ó ti sùn lọ. Orí rẹ̀ wó sórí èjìká mi, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń hanrun bí ẹni tí kò tíì sùn láti ìgbà tó ti kúrò nílé wa. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan mi, abẹ́rẹ́ ti gún un káàkiri. Èjìká mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, lẹ́yìn náà apá mi kú tán. Mi ò mira. Obìnrin aládìẹ ní kí n jí i kí ara lè tù mí, mo fi ojú burúkú wò ó débi pé ó gbé ojú kúrò. A kọjá Àjàṣẹ́, òun ń sùn. Nígbà tí mo rí i pé a ti dé Òrò, tí Ọ̀mù-Àrán kò jìnnà mọ́, mo di ojú mi, mo sì ń gbàdúrà kíkankíkan pé kí ọkọ̀ náà bàjẹ́.